Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Orí Kó Ọmọ Mi Yọ Lọ́wọ́ Ibà Pọ́njú

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ẹnu mi ò gba ọpẹ́ yìí.

Àárọ̀ ni mo bí ọmọ mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nọ́ọ̀sì tó wá wò ó fi ìka tẹ orí imú rẹ̀. Bó ṣe gbé ìka kúrò, ojú ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìkókó, èyí ti yá jù." Àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi ní ṣebí ọmọ tuntun máa ń pọ́n. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn a máa pọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá yọjú kí wákàtí 24 tó pé, wọn kì í fojú fò ó. Ọlọ́run ò ní gbàgbé nọ́ọ̀sì yẹn láé.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Tèmi jẹ́ O, ti ọmọ jẹ́ A. Dókítà jókòó tì mí, ó là á yé mi pé èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ mi tó ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ A ti gba inú ibi ọmọ wọ ara rẹ̀, ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í gbó. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ti àgbàlagbà ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́. Tó bá fọ́, ohun tó mú un pupa á kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, á wá di àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní bilirúbìn. Ẹ ò rí ibi tí èèyàn bá ti fara gbá, bó ṣe ń dúdú, tó ń di àwọ̀ ewé, tó tún ń pọ́n kó tó parẹ́? Ohun kan náà ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń tún bilirúbìn ṣe, tó ń dà á sínú òróòro, kó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Tó bá sì pọ̀ jù, ó lè wọ ọpọlọ: etí lè di, ọmọ lè má rìn láé.

Wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n bò ó lójú, ìlédìí nìkan ló wà ní ìdí rẹ̀. Iná náà ń yí bilirúbìn inú awọ padà kó lè jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló ṣílẹ̀kùn ìtọ́jú yìí o! Jean Ward, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1950, ló ṣàkíyèsí pé ibi tí oòrùn bá ti kan awọ ọmọ kì í pọ́n mọ́.

Síbẹ̀, bilirúbìn ọmọ tèmi ń gòkè sí i. Kò fẹ́ gba ọyàn mọ́, oorun ṣáá ló ń sùn, igbe rẹ̀ sì wá ń han gooro. Wọ́n ní àfi kí àwọn pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ìdodo, wọ́n ń fa díẹ̀ jáde, wọ́n ń fa díẹ̀ sí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, àdúrà mi ò ju "Jésù, ṣàánú" lọ.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti wálẹ̀! Ọmọ gba ọyàn, ó fà á gidi. Wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò báyìí, méjèèjì ń gbọ́ ketekete.

Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọrẹ, mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo ń dárúkọ rẹ̀ ní "ẹbí mi" níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́. Ẹ bá mi rántí àwọn ìyá tí ọmọ tiwọn ṣì wà lábẹ́ iná lónìí.