Súwíìṣì tí àpò gààrí tàn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ìwọ̀pin

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ rẹwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ iná mọ́tò kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi ní Ìwọ̀pin. Mo rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Bí iná bá kú lára mọ́tò, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tì í. Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀ láàárín ọ̀sà?

Ọkọ̀ fáíbà àlòkù ni mo kọ́kọ́ dá ṣe. Mo to súwíìṣì rẹ̀, àwọn onígi kékeré tí à ń tẹ̀ sókè sódò, sí ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀, níbi tí ọwọ́ ti tètè ń tó o. Ibẹ̀ náà ni orúnkún àti ẹrù ń tó. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n di àpò gààrí sínú rẹ̀ de ìdájí, wọ́n fi tapólì bò ó. Àpò kan yọ̀, ó fara ti súwíìṣì iná iwájú, iná tàn. Abẹ́ tapólì ló ń tàn sí, kò sẹ́ni tó rí i. Gílóòbù 60 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa 5 áńpù. Bátìrì 75 áńpù-wákàtí (èyí tó lè fúnni ní áńpù kan fún nǹkan bí wákàtí 75) kò lè bá a dé wákàtí 15. Òjò sì rọ̀ mọ́jú. Pọ́ǹpù tí ń da omi ìdí ọkọ̀ síta kò lágbára mọ́, nítorí bátìrì kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo wọn. Nígbà tí a débẹ̀, etí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, gààrí ti wú nínú àpò. Ìyá tó lẹrù ò bú mi. Ó kàn di ẹnu àpò mú, ó ń wò ó. Mi ò gbàgbé ojú yẹn.

Ẹ má sọ fún awakọ̀ pé kó máa ṣọ́ra. Ẹ gbé súwíìṣì kúrò lọ́nà ẹrù. Bí kò bá síbòmíràn tí ẹ lè gbé e sí, ẹ ra irú èyí tó ní ìdérí, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo ń ṣe jù ni pé mo máa ń ra irin tí kápẹ́ńtà fi ń ṣe ìfà dúrọ́ọ̀, mo máa ń fi ìdè kàn án mọ́ pátákó kó tẹ̀ kọjá lórí súwíìṣì bí afárá. Ìka á wọlé, àpò ò ní wọlé.

Pọ́ǹpù ní bátìrì tirẹ̀ báyìí, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ nítòsí orí bátìrì, láìgba ọ̀dọ̀ súwíìṣì tí ẹnì kan lè pa. Mo sì pààrọ̀ gílóòbù sí LED 10 wáàtì, tí kì í fa tó 1 áńpù. Wáyà náà, ẹ ra oníbàbà tí wọ́n pa tánńganran (tin) sí lára. Ọ̀rinrin máa ń sọ bàbà lásán di dúdú nínú rọ́bà, kí ẹ tó mọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bọ́tìnì tí ń ta ẹ́ńjìnì. Bí ewé omi tàbí àwọ̀n bá lọ́ mọ́ prọpẹ́là, abẹ tí ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ, tí ẹ fẹ́ ti ọwọ́ bọ omi, ẹ kọ́kọ́ pa súwíìṣì ńlá bátìrì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti okùn tí ń pa ẹ́ńjìnì. Ọrùn mi ni mo máa ń gbé méjèèjì kọ́, títí ọwọ́ mi á fi jáde nínú omi.