Láti Lókò dé Marina: ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè ti gbérí, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta ni kó wá, kó sì wọ bàtà tó ṣeé rìn. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ló yá jù: ẹ wọ̀ ọ́ ní Agbádó, Ìkẹjà, Òṣòdì tàbí Yábàá, kí ẹ sọ̀ ní Òyìngbò tó jẹ́ òpin rẹ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe owó ọwọ́, torí náà kí owó ti wà lórí káàdì kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọkọ̀ Mọ́níyà á já a sí ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, ládùúgbò kan náà.

Bí ẹ bá ti sọ̀, ẹ wolẹ̀ kí ẹ tó wòkè. Oríṣi irin méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435 ni irin tuntun, tí ọkọ̀ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 2021. Èyí tó há, mìlímítà 1,067, ni ti àwọn òyìnbó: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní ìparí 1900, ó sì pàdé irin tó ti Bárò lọ sí Kánò ní Mìnà lọ́dún 1912. Orí irin tó há yìí ni ìtàn ẹgbẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ya fọ́tò irin tuntun, tó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irin ayé Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ náà, nìyí, ó ti ṣìnà.

Jaekel House wà nínú ọgbà rélùwéè, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún ṣe, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ. Kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó bi yín, ẹ ti sọ ohun tí ẹ bá wá, kí ẹ má sì yọ kámẹ́rà láìgbàṣẹ. Fọ́tò àtijọ́ ibẹ̀ yẹ ní wíwò. Àmọ́ ilé ọ̀gá ni ilé yìí. Àlejò á wò ó tán, á ní òun ti rí ìtàn rélùwéè, bẹ́ẹ̀ ìdajì ló rí. Ìdajì tó kù wà ní Lókò.

Lókò ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí wọ́n sì ti ń tò ó padà. Ibẹ̀ ni Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà tó wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1929, ti kọ́ iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ọ̀rọ̀ owó ló bí ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wákàtí ni wọ́n wá ń kà san owó fún òṣìṣẹ́. Ẹ wò ó: ọdún dé, wọ́n ti ilé iṣẹ́, kò sí owó. Iṣẹ́ dín kù, wọ́n ní kí ẹ máa lọ láago méjìlá, owó ọ̀sán ti wọmi. Onílé kì í sì í fi wákàtí gba owó ilé. Bí Railway Workers' Union ṣe dìde nìyẹn. Nígbà tí òfin 1938 fàyè gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti forúkọ sílẹ̀, tiwọn ló ṣíwájú, ní oṣù kìíní 1940.

Kí ló mú kí ìyanṣẹ́lódì wọn máa dẹ́rù ba ìjọba ju ti akọ̀wé lọ? Omi ni ẹ́ńjìnnì ìgbà náà ń sè nínú ìkòkò irin ńlá, ooru omi náà ló sì ń ti písítìnì. Bí iná bá kú pátápátá, ó lè gba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́wàá kó tó tún lè rìn. Kò ṣeé kánjú sí: bí wọ́n bá koná mọ́ ìkòkò tútù, apá kan irin á fẹ̀ ṣáájú ìkejì, oríkèé rẹ̀ á sì máa jò. Bí omi bá wá fà jù, irin tó bo iná lórí á pọ́n, á rọ̀, ìkòkò sì lè bú gbàmù pẹ̀lú àwọn tó ń wà á. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dédé gbá ṣọ́bìrì èédú mú. Nítorí náà, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá jókòó sílé, ẹ̀pà Kánò kò lè dé etíkun nìyẹn.

Láti Lókò, ẹ gba Òyìngbò, Ìdó, afárá Carter, Ìdúmọ̀tà, dé Marina. Ó tó bíi kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà. Ọ̀nà tí Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ gbà nìyí ní 1941, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé ìjọba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láago méje àárọ̀ kí oòrùn má bàa ká yín mọ́ orí afárá, kí fóònù sì wà lápò iwájú bí ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà. Afárá tí ẹ ń tẹ̀ yìí kọ́ ni wọ́n tẹ̀, o. Wọ́n ti tún un kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n-gógó jáde ní 1942. Nígbà tó di 1943, wọ́n lé Imoudu lọ sí Auchi, ogun ni wọ́n fi ṣàwáwí. Oṣù kẹfà 1945 ló padà wọ Èkó. Kò pé oṣù kan tí iṣẹ́ fi dúró, ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Ṣílè méjì àti sísì ni wọ́n ní kí owó ọjọ́ kan má dín sí, kí owó ìrànwọ́ sì fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ó tó 30,000 òṣìṣẹ́, láti ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún, tó yanṣẹ́ lódì. Ìjọba ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa, àwọn òṣìṣẹ́ kò mira. Ọjọ́ 44 ni. Ohun tó gbé wọn ró lọ́jọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ lásán: àwọn obìnrin ọjà ń tà fún wọn láwìn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, jábọ̀ ní 1946, ìdá àádọ́ta náà ló fọwọ́ sí.

Ilé ìjọba tí wọ́n rìn lọ ṣì wà ní Marina, ẹ̀yìn géètì ni ẹ ó ti wò ó. Ẹni tó ń lọ sí Mile 2 lè wọ Blue Line níbẹ̀, káàdì kan náà ni. Ẹni tó fẹ́ padà sí Òyìngbò, dánfó ni o.