Wọ́n Fi Rahu Dá Wa Dúró ní Chennai

Aago 9:00 àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la jọ fẹnu kò sí pé a máa gbéra ní Chennai, ní ilẹ̀ Íńdíà, ká lè tètè dé àwọn tẹ́ḿpìlì ìlú Kanchipuram. Dírẹ́bà dé lásìkò, ó nu mọ́tò, ó bá lọ jókòó sábẹ́ igi. Ó ní Rahu Kalam, ìyẹn àsìkò tí wọ́n gbà pé kò dáa, ti wọlé, òun ò ní ṣáná sí mọ́tò títí di 10:30. Àǹtí mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lánàá tẹ́ ẹ ń gba àsansílẹ̀?" Kò dáhùn.

Nígbà tá a fi dé ọ̀hún, wọ́n ti ti tẹ́ḿpìlì, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nínú oòrùn yẹn! Lálẹ́, ọkùnrin yìí ń ṣírò owó ìdúró, ó sì ka wákàtí kan àtààbọ̀ tiẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó dá wa dúró ló tún ń bù wá lówó. Mi ò san án.

Ìyá tó ni ilé tá a dé sí ló pẹ̀tù sí mi nínú. Ó mú wa lọ sídìí kàlẹ́ńdà ara ògiri, irú èyí tí wọ́n ń fa ewé kan ya lójoojúmọ́. Wọ́n pín ojúmọmọ, láti mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, sọ́nà mẹ́jọ. Ìpín kan jẹ́ ti Rahu, ẹ̀mí èṣù tí wọ́n ní ó máa ń gbé oòrùn àtòṣùpá mì. Lọ́jọ́ Ajé, 7:30 ló ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, 10:30. Wọn kì í dáwọ́ lé nǹkan tuntun nínú ẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni tithi, ìyẹn ọjọ́ òṣùpá. Bí òṣùpá bá ti fi dígírì 12 síwájú oòrùn, tithi kan pé. 30 ló wà nínú oṣù. Ìrìn òṣùpá kì í dọ́gba, nítorí náà tithi kan lè jẹ́ bíi wákàtí 20, òmíràn á sún mọ́ 27. Èyí tí oòrùn bá yọ bá lóde ló ni ọjọ́ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fo òmíràn, tí òmíràn sì ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù òṣùpá 12 fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn, ni àwọn tó ń ka oṣù òṣùpá bá ń fi odindi oṣù kan dí i láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Oṣù tí wọ́n ń pè ní Shravana, méjì ni wọ́n ní lọ́dún 2023. Orí pé!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba mọ́tò níbẹ̀, ẹ wo ara ògiri kẹ́ ẹ tó dá àkókò. Mẹ́fà àárọ̀ sí 7:30 kì í ṣe ti Rahu lọ́jọ́ kankan. Àsìkò yẹn la fi padà lọ pẹ̀lú dírẹ́bà mìíràn. A rin ọgbà tẹ́ḿpìlì Ekambareswarar ní Kanchipuram tẹ́ ara wa lọ́rùn, iye tá a jọ sọ náà ló sì gbà.