Ọrùn mi ti ń yí o, ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ bá mi yọ̀ jàre. Wọ́n ti ní kí n máa lọ ilé mi, kí n má wá sí físíò (ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara) mọ́ àfi tó bá tún ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà pẹ̀lú mi látìgbà tí ọkọ̀ ti gbá wa látẹ̀yìn, ẹ mọ nǹkan tójú mi rí, n ò ní bẹ̀rẹ̀ àlàyé látòkè. Bá a bá mọnú rò, a ó mọpẹ́ dá. Ọlọ́run o ṣé o, mi ò kú, mi ò rọ, mi ò sì ya wèrè bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti fẹ́ sọ pé orí mi ni kò pé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò sọ pé kì í dùn mí mọ́. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà pẹ́, tàbí tí mi ò bá sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti mọ nǹkan tí mo lè ṣe sí i, kì í lé mi wọ ibùsùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ní irọ́ ni mò ń pa lóhùn, torí ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá wa, ẹsẹ̀ mi ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, mo tiẹ̀ ń bá awakọ̀ yẹn fa ọ̀rọ̀. Kò sẹ́jẹ̀, kò sí egbò. Ọjọ́ kejì ni mo jí tí ọrùn mi ti gan, orí ń fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá síwájú, òòyì ń kọ́ mi. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní egungun ò ṣẹ́. Hẹ̀n, X-ray yẹn làwọn èèyàn mi wá sọ di ẹlẹ́rìí. "Ṣebí wọ́n yà á, wọn ò rí nǹkan kan?" Egungun ni X-ray ń fi hàn, iṣan àti àwọn okùn tó so egungun ọrùn pọ̀ tó fà kì í hàn níbẹ̀! Egungun 7 ló wà lọ́rùn èèyàn, orí tí wọ́n sì gbé dání á tó kílò 5. Tí mọ́tò bá gbá yín látẹ̀yìn, síìtì á ti ara yín síwájú, orí á kù sẹ́yìn, kóun náà tó wá fò lọ síwájú, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá ní kí iṣan má ké?

Ọ̀rọ̀ kọ́là ọrùn, nǹkan tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn kó má baà máa yí, ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Dókítà ní kí n bọ́ ọ kíákíá, pé tó bá pẹ́ lọ́rùn ńṣe ni iṣan á máa rọ, pé kí n máa yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, kí n máa rìn. Mo bọ́ ọ, ni wọ́n bá ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n wọ kọ́là wá kóun tó lè gbà pé ara mi ò yá. Ẹ̀gbọ́n wa kan (ẹ kú ojú lónìí o ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á) sọ ọ́ níbi tí gbogbo ẹbí wà pé owó ìnṣọ́ránsì ni mò ń wá. Ìtọ́jú tó yẹ kí n gbà gan-an ló sọ mí di onírọ́ lójú wọn.

Alẹ́ kan wà tí ẹ̀rù bà mí gan-an, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí i. Mo dìde láti mu omi, ni ife bá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n gbé e, àwọn ìka ò dì í mú, apá òsì láti èjìká dé àtàńpàkò kàn ń jó mi yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi yẹn, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni, mo rò pé ó ti tán. Bàbá àwọn ọmọ mi ló gbé mi lọ. Dókítà ní kí n fún ìka òun mọ́ ọwọ́ mi, kí n rìn lọ rìn bọ̀, ó fi hámà kékeré lu ìgúnpá àti orúnkún mi, ó bi mí bóyá ìtọ̀ ń bọ́ lára mi láìmọ̀. Wọ́n ṣe MRI, àwòrán tó ń fi ohun tí X-ray ò lè fi hàn nínú ara hàn. Nẹ́ẹ̀fù kan (okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) tó ti ọrùn lọ sí apá ló ń bínú, okùn ńlá inú egungun ẹ̀yìn ò fara gbọgbẹ́. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹni tí mo wá tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí ni obìnrin tó ń ṣe físíò fún mi, tí mo ń pè ní màámi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò bi mí léèrè X-ray rárá. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka méjì wá ibì kan nísàlẹ̀ ìpàkọ́ mi, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ibí ni, àbí?" Ibẹ̀ ni o! Ibẹ̀ gan-an! Látìgbà tó ti ń dùn mí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀ láìjẹ́ pé mo júwe ẹ̀. Ó ní iṣan ti fẹ́ẹ̀ san tán, àwọn nẹ́ẹ̀fù ló ti di oníjàgídíjàgan, nǹkan kékeré báyìí wọ́n ti pariwo, àti pé ìrora gidi ni, kì í ṣe àròsọ. Ó ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ọrùn mi, ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n rọra fa àgbọ̀n wọlé láìgbé orí sókè, kí n dì í mú, kí n tú u sílẹ̀. Mo ní ṣé nǹkan tí mo wá gbà nìyí? Ẹ ṣe é wò ná, ẹ ó rí i bí ọrùn á ṣe máa gbọ̀n. Ó tún kọ́ mi láti máa fa egungun èjìká méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó sì le jù lọ fún mi, ó ní lọ́jọ́ tára bá yá kí n má kó gbogbo iṣẹ́ ilé mọ́ra, lọ́jọ́ tí kò bá sì yá kí n má sùn sílẹ̀ pátápátá, kí n ṣe díẹ̀ lójoojúmọ́. Màámi, ẹ ò ní fọwọ́ yín gba àbùkù.

Ẹ ò bi mí o, ṣùgbọ́n mo máa sọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fa ọrùn yín kó dún kọ́, ẹ sá! Ọ̀nà tẹ́jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ gba ibẹ̀ kọjá, ó lè ya. Tápá tàbí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ìtọ̀ ò bá dúró mọ́, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, ọsibítù tààrà. Ibi tá à ń gbé orí lé lẹ́yìn síìtì mọ́tò, ẹ gbé e sókè kó bá àtàrí yín dọ́gba, kó sì sún mọ́ ìpàkọ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ má máa to ìrọ̀rí lé ara wọn. Oògùn ìrora náà, ẹ má máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù yín, ikùn á sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi ya irun nígbà tápá mi ò gòkè, mo rí ẹ, Ọlọ́run á fi tìẹ ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè nọ́ńbà màámi, mi ò lè fún yín láìjẹ́ pé mo bi wọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà yín ná.