Bí wọ́n bá kọ "levures" sínú ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀ alátọ̀gbẹ

Níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), èdè Faransé ni lábò, ilé àyẹ̀wò, fi ń kọ èsì ECBU, ìyẹn àyẹ̀wò kòkòrò inú ìtọ̀. Alátọ̀gbẹ tó bá rí "levures" (ìwúkàrà) tàbí Candida níbẹ̀, ilé òògùn ló sábà máa ń kọrí sí, kó lọ ra fluconazole, òògùn tó ń pa Candida. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná.

Ìbátan ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ni Candida, ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi gíráàmù 1.8 nínú lítà kan, apá kíndìnrín kì í ká a mọ́, ṣúgà á máa bá ìtọ̀ jáde. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára tún lè sọ àpò ìtọ̀ di ọ̀lẹ: èèyàn á tọ̀, ìtọ̀ kò ní tán, Candida á sì ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé inú àpò ìtọ̀ ni Candida ọ̀hún ti wá lóòótọ́? Lára obìnrin, ti ojú ara lè já sínú ìgò. Kẹ́ ẹ tó gba ìtọ̀ òmíràn fún àyẹ̀wò, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ ya ètè ojú ara, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, àárín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Kó dé lábò kí wákàtí 2 tó pé. Ooru orí zémìjàn (ọ̀kadà) ń mú kí kòkòrò pọ̀ sí i nínú ìgò.

Bí ìtọ̀ kò bá ta yín, tí kò sí ibà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò gba òògùn Candida rárá. Ẹ wá ṣúgà yín wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí lára, kí dókítà yọ ọ́ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí a ń tọ́jú láìní àmì àìsàn kò pọ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ fún.

Bó bá ń ta, dókítà sábà máa ń kọ fluconazole mílígíráàmù 200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 14, á sì dín in kù bí kíndìnrín kò bá lágbára. Òògùn yìí kì í ran Candida krusei rárá, irú mìíràn, Candida glabrata, náà sì lórí kunkun. Ẹ ní kí lábò kọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo òògùn ṣúgà bíi glibenclamide tàbí gliclazide, ẹ sọ fún dókítà: fluconazole kì í jẹ́ kí ara tètè lo òògùn ṣúgà náà tán, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Bí òógùn bá bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ wọn ṣúgà. Bí kò bá tó gíráàmù 0.7 nínú lítà kan, ẹ mu horo ṣúgà 3 nínú omi.

Ẹni tí ibà ń ṣe, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, tó sì ń bì, kó má dúró de èsì kankan. Ó lè ti dé kíndìnrín. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọsibítù.