Oníbàárà ni ṣọ́ọ̀bù àfiṣeré nílò ju ọjà lọ

Bí a bá fẹ́ ṣe ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọ kéékèèké, ọjà ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń wá kiri. A ó kó páálí òfìfo jọ, a ó kó agolo àti ike, títí àtẹ yóò fi kún bámúbámú. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni pé ọjà kọ́ ló ń mú eré náà pẹ́. Oníbàárà ni. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ń bọ̀ wá ra nǹkan kan pàtó, gbogbo wọn ni yóò wọ ẹ̀yìn káńtà, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa da ọjà sílẹ̀.

Ìdí tí oníbàárà fi ń bọ̀ ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo lè sọ fún ọmọ kan pé, "Ìwọ ni ìyá. Ọmọ rẹ fẹ́ lọ sílé ìwé lọ́la, kò sì ní bàtà." Ó tán. Ọmọ náà ti mọ ohun tó ń wá, òǹtajà sì ti ní ẹni tí yóò dá lóhùn. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù bàtà gan-an, torí pé bàtà tí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀ ti tó ọjà, rúlà kan sì ti tó láti fi wọn ẹsẹ̀. Bí oníbàárà bá ní, "Èyí há mi lẹ́sẹ̀," dandan ni kí òǹtajà wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ á máa bí ọ̀rọ̀.

Ẹ fún wọn láyè tó pọ̀. Sara Smilansky, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí irú eré yìí jáde ní 1968, ka pé kí eré lè máa bá a lọ fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán mọ́ àwọn àmì pé ó ti jinlẹ̀. Kí wọ́n tó pinnu ẹni tí yóò ṣe kí ni, ìṣẹ́jú 15 lè ti lọ. Bí àkókò tí ẹ ní kò bá ju ìyẹn lọ, ìmúra nìkan ni wọn yóò ṣe, a ó sì ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́.

Ní ti ìjà, àga ni mo fi ń ṣòfin. Àga méjì ló ń wà lẹ́yìn tábìlì: ọ̀kan fún ẹni tó ń mú ọjà wá, ọ̀kan fún ẹni tó ń gbowó. Ẹni tí kò bá ráyè jókòó, oníbàárà ni. Fìlà òǹtajà náà dára láti fi mọ ẹni tó ń tajà. N kì í so káàdì ìdánimọ̀ mọ́ ọmọ lọ́rùn, torí okùn lè fún un lọ́rùn.

Owó ni ibi tí àgbà ti máa ń ṣe àṣejù. Lójú ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó pọ̀ ló níye lórí. Ẹ fi owó kéékèèké márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kan tó níye lórí ju gbogbo wọn lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ márùn-ún yẹn ni yóò kì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gé páálí ní róbótó, tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Mo máa ń fi àmì tóótòòtó sára ọjà: àmì mẹ́ta, owó mẹ́ta. Òǹtajà á gbé owó lé orí àmì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà kó má tíì mọ ònkà. N kì í kọ́ wọn ní ṣéńjì, síbẹ̀ wọ́n ń fúnni, torí wọ́n ti rí i lọ́wọ́ àgbà. Oníbàárà lè san méjì kó gba mẹ́rin padà, kí inú àwọn méjèèjì sì dùn. (Ta ni kò ní ná irú ọjà bẹ́ẹ̀?) Ẹ má dá sí i.

Ẹ má gbàgbé pẹ́ńsù àti bébà. Wọn yóò fi kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà, wọn yóò fi kọ rìsíìtì àti "A ti ṣí." Bó bá jẹ́ wúruwùru ni wọ́n kọ, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Wọn yóò kà á láìkọsẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ wọlé bí oníbàárà. "Àwọ̀ wo nìyí? Mélòó ni?" ti sọ eré di ìdánwò, àwọn ọmọ sì tètè ń mọ̀. Ẹ kúkú ní, "Mo ń wá bàtà tí n óò fi jó," ẹ dúró kí wọ́n wá a, ẹ san owó yín, kí ẹ sì jáde.

Ẹ má retí gbogbo èyí lọ́dọ̀ ọmọ ọdún méjì. Kíkó nǹkan sí báàgì àti dída gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹ fún un ní báàgì aṣọ, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá lè dí i lémìí. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí tí wọ́n ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ kọjá kò yẹ níwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú fóònù àtijọ́ àti ẹ̀rọ ìṣirò, pàápàá èyí tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yánnayànna láàárín wákàtí 2. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé oníbàárà ti tán, tí wọ́n kàn ń to ọjà tí wọ́n ń tú u, ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá nìyẹn. Ẹ fi tábìlì, owó àti fìlà sílẹ̀, ẹ kó bàtà kúrò, kí ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni kí wọ́n máa tà báyìí.