Bá a ṣe ń wá radius látinú area sector, láìha fọ́múlà sórí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì há fọ́múlà kankan sórí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti radius (gígùn láti àárín circle dé etí ẹ̀) lọ sí area (bí inú ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó) dáadáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fún wọn ní area sector (ègé circle tó rí bí ègé písà) àti igun ẹ̀, tẹ́ ẹ ní kí wọ́n gba ọ̀nà yẹn padà wá síbi radius, ó tán, wọ́n á kàn máa wo ìwé ni. Ó máa ń dùn mí torí ìṣirò yìí ò le rárá.

Sector ò dá wà, ara circle kan ni wọ́n ti gé e, torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ wá odidi circle yẹn ná. Ká ní area sector jẹ́ 77 cm², igun ẹ̀ sì jẹ́ digiri 45. Odidi circle jẹ́ digiri 360, ẹ fi 45 pín in, ẹ máa rí 8, ìyẹn ni pé irú sector yẹn mẹ́jọ ló máa kún circle náà láìṣẹ́kù. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 77, mẹ́jọ á jẹ́ 616. Ó parí! Area odidi circle ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi pai, ìyẹn nǹkan bíi 22/7, pín 616, ó di 196. Ẹ má wá dúró síbẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù máàkì, torí 196 yẹn radius lọ́nà radius ni, ẹ ṣì máa wá square root ẹ̀, ó wá jẹ́ 14 cm.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fọ́múlà báyìí, òun nìyí: r = √(360A ÷ πθ). r ni radius, A ni area sector, θ ni igun ẹ̀, π sì ni pai. Gbogbo ohun tá a ṣe lókè náà ló wà níbẹ̀.

Igun tí ò pín 360 gééré ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni. Ká ní ẹ̀rọ kan ń fọ́n omi sí koríko, ó ń yí digiri 100 lọ yí i bọ̀, ibi tó ń rin sì jẹ́ nǹkan bíi 125.66 m². 360 pín sí 100 jẹ́ 3.6, ẹ fi lu 125.66, ẹ fi pai pín in, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 144, omi yẹn ń dé mítà 12 nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé mítà 24, kì í ṣe ilẹ̀ ìlọ́po méjì ló máa rin o, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Tó bá jẹ́ gígùn arc (etí sector tó tẹ̀ kọrọdọ) ni wọ́n fún yín dípò igun, ó tún rọrùn sí i, ẹ ò nílò pai, ẹ ò nílò square root: ìlọ́po méjì area, ẹ fi arc pín in. Arc sector tá a kọ́kọ́ ṣe yẹn jẹ́ 11 cm, 154 pín sí 11, 14 náà ni. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, ti fi hàn tipẹ́ pé area circle bá ti onígun mẹ́ta kan dọ́gba, èyí tí ìdí ẹ̀ gùn tó etí circle yípo, tí gíga ẹ̀ sì jẹ́ radius, sector náà ń tẹ̀ lé òfin yẹn.

Ẹ sì máa wo igun yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi π/4, radian nìyẹn, ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà wọn igun dípò digiri, 360 ò sí níbẹ̀ mọ́, 2π ni odidi circle, r = √(2A ÷ θ) lẹ máa lò.